Ẹ̀rọ Asàba Mẹ́ta, Mọ́nítọ̀ Kan

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

A kó ẹyin sínú ẹ̀rọ asàba lónìí. Ọgọ́fà ẹyin adìyẹ sínú ìkíní, ọgọ́ta ẹyin tòlótòló sínú ìkejì, ọgọ́rin ẹyin awó sínú ìkẹta. Mo ń ka ẹyin, mo ń tún wọn kà, débi pé Ẹ̀gbọ́n Habeebah tó ni ilé ìsàba náà ní kí n sọ Dárasími kalẹ̀ kúrò lẹ́yìn mi ná. Mo ní ọmọ oṣù méje kò wúwo. Ó ní, "Ta ló ń sọ ìwúwo? Ìjayà rẹ ni mo ń wò."

Kí a tó ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, ó sọ tirẹ̀: "Ìyá Dárasími, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àkọ́kọ́ yìí ni ìdánwò rẹ. Bí ẹyin bá pa dáadáa, iṣẹ́ di tìrẹ, wàá sì máa gbé ọmọ rẹ wá bó o ṣe ń gbé e wá yìí. Bí wọn ò bá pa, mi ò ní bú ọ, ṣùgbọ́n mo máa wá ẹlòmíì."

Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, Ipokia ni. Ọkọ mi ti sọ ọ́ tán: òun kò lè máa sanwó yàrá ní Ayétòrò fún aya tí kò níṣẹ́, nígbà tí yàrá ṣófo nílé ìyá òun ní Ipokia. Mo gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí mo bímọ. Ìyá náà máa ń ka iye ìgbà tí mo wẹ ọmọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an bí mo bá wà ní Ayétòrò.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri: adìyẹ, ọjọ́ mọ́kànlélógún, awó, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tòlótòló, méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ àti mọ́nítọ̀, ojú dígí tó ń fi bí inú rẹ̀ ṣe gbóná tó hàn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń fi kún un tàbí kí n dín in kù. 37.5 ni ìwọ̀n ooru rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 12

37.5, 37.6, 37.5. Ọmọ ní ọ̀fìnkìn. Mo gbé e lọ gbé e bọ̀ láàárín ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni ń ṣọ́ oko.

Ọjọ́bọ̀, 13

Àrá. Ọ̀sán gangan, òjò kò tíì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àrá kan sán bí ẹni pé orí páànù wa ló jókòó lé. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Mo ti wà lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú ọmọ kí n tó mọ̀ pé mo sá. Nígbà tí iná sólà gbà á, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kùn, kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tan iná kékeré iwájú wọn. Ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ méjì ti kú. Òórùn ike tó jóná gba yàrá. Ti ẹ̀rọ kìíní nìkan ló kù, ògbólógbòó inú wọn.

Ẹ̀gbọ́n Habeebah sáré dé pẹ̀lú agboòrùn.

"Ẹyin ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Inú rẹ̀ gbóná tó?"

"Ó gbóná tó."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo tún fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kejì. Ó ní kò sí mọ́nítọ̀ tuntun àfi bí ẹyin bá pa, gbogbo agbára òun ló wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyẹn. A ò sì lè kó ẹyin jáde. Ẹyin tí adìyẹ bá ti sàba lé lọ́jọ́ mẹ́ta kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dá padà sínú agbọ̀n.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Màá yọ wáyà mọ́nítọ̀ lára kọ̀ǹpútà kìíní, màá ti ẹnu rẹ̀ bọ ìdí ìkejì, màá wò ó, màá yọ ọ́, màá lọ sí ìkẹta. Mo yí kọ̀ǹpútà kejì padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí, ẹkún sì ni.

Ẹnu wáyà mọ́nítọ̀ yìí jẹ́ búlúù, ó ní eyín tín-ín-rín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kọ̀ǹpútà kìíní ní ihò búlúù. Ìkejì kò ní. Ihò funfun fífẹ̀ kan ló wà nídìí rẹ̀. Ìkẹta kò ní. Ihò pẹlẹbẹ kan ni tirẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé, wọ́n kọ HDMI sí i. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Habeebah ti tọrọ àwọn kọ̀ǹpútà yìí, kò sí èyí tó mọ bàbá èkejì.

Bàbá Akínladé wá wo ẹyin awó rẹ̀. Bí àgbàsìn ewúrẹ́ ni wọ́n ṣe é: ó kó ẹyin wá, bí wọ́n bá pa, ọ̀kan nínú mẹ́rin jẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n Habeebah.

"Ìyàwó, àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn, Bàbá."

"Òtútù ò mú wọn?"

"Kò mú wọn rárá, sà."

Irọ́ ni. Ọwọ́ lásán ni mo fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá awó kì í wo mọ́nítọ̀ kó tó sàba." Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé ìyá awó kò ní ọ̀gá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ọkọ mi dé láti Ìdí-Ìrókò. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà, Àbámẹ́ta sí Àìkú ni tiwa. Mo kó ẹjọ́ mọ́nítọ̀ bá a kó tó bọ́ bàtà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní obìnrin kan wà ní òdìkejì ẹnubodè, ní Ìgòlò, tó ń ta ẹrù kọ̀ǹpútà láti Kútọnu. Ó ní òun ti rí àpótí kan lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní suwíìṣì: kọ̀ǹpútà mẹ́rin lè so mọ́ ọn, mọ́nítọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù kan. Èèyàn á tẹ bọ́tìnì, èyí tó bá fẹ́ rí á yọjú.

"Irú ihò wo ló ní?"

"Búlúù ni gbogbo ihò rẹ̀. Mo rí i dáadáa."

Èyí já sí pé mo nílò ohun tí yóò sọ funfun di búlúù, àti ohun tí yóò sọ HDMI di búlúù. Mi ò jẹ́ kó fẹnu ròyìn fún obìnrin náà, torí ọ̀nà jìn, ọ̀rọ̀ ẹnu sì máa ń yí padà. Àpẹẹrẹ ni mo fún un, bí a ṣe ń gé etí aṣọ ránṣẹ́ sọ́jà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kan, adápítọ̀, wà nínú dúrọ́ọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kan ẹ̀rọ wọ̀nyí fún Ẹ̀gbọ́n Habeebah ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Búlúù wà lápá kan, HDMI lápá kejì, okùn rẹ̀ ti já láàárín. Mo ní, "Ẹ bá mi wá irú èyí gan-an." Ti ihò funfun, mo ya fọ́tò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà sórí fóònù rẹ̀.

Nígbà tí a ń jẹun, ó ní, "Ìwọ náà ro ọ̀rọ̀ Ipokia."

"Mo ti rò ó, Bàbá Dárasími."

"O rò ó tán?"

"Mo rò ó tán, mo sì dá a padà síbi tí mo ti mú un."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọjọ́ keje. Mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ẹyin wò, mo mú mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Iṣan pupa ti tàn káàkiri nínú wọn bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Wọ́n wà láàyè! Ti tòlótòló fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn tó ti adìyẹ, ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ nípọn. Mo sọ fún ara mi pé èèpo ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Ẹrù dé. Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Àbẹ́òkúta ló já a sílẹ̀ ní gáréèjì, ó ti fi ọ̀rá dì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta nítorí òjò.

Suwíìṣì náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé inú rẹ̀, mo fi àwòrán inú rẹ̀ ṣe atọ́nà. Mo so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, mo so kọ̀ǹpútà kìíní, mo tẹ bọ́tìnì. 37.5 yọjú! Mo pariwo, Dárasími jí.

Ó parí síbẹ̀. Adápítọ̀ HDMI wọ ìdí kọ̀ǹpútà kẹta geerege, kò le, kò rọ̀. Mo tẹ bọ́tìnì kẹta: òkùnkùn. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo dá a padà: òkùnkùn. Ti ihò funfun kò tilẹ̀ wọlé rárá. Èyí tí wọ́n rà ní eyín kéékèèké mẹ́rin lápá ọ̀tún tí kò sí ihò fún lára kọ̀ǹpútà wa. Gbogbo eyín yòókù bá ihò mu, àfi mẹ́rin yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Habeebah dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo ń ṣe é. Ó kàn ń wo ọjọ́ tí mo kọ sára ògiri. Ó sàn kó bú mi.

Ọjọ́rú, 19

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Bọ̀dá Micah tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Ó yí èyí tó ní eyín mẹ́rin náà síwá sẹ́yìn, ó rín músẹ́.

"Ṣé nítorí eléyìí lo ṣe fa ojú ro? Mẹ́rin yìí ló ń dí i lọ́wọ́. Wọn ò ní ihò, wọn ò níṣẹ́."

"Bọ̀dá, ṣé kò ní bà á jẹ́?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń tú rédíò. Eyín tó yọ jáde lẹ́nu, ṣé a fi ń jẹun ni?"

Ó mú púláyà. Ó wojú mi. Mo ní kó gé e. Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí dáadáa torí mi ò tíì sọ ọ́ fẹ́nì kankan: èmi ni mo ní kó gé e. Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì kó eyín mẹ́rin náà sí mi lọ́wọ́ bí ẹni san ṣéńjì fún oníbàárà.

Ó bá mi dé ilé ìsàba. Adápítọ̀ wọ inú ihò funfun bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Àwa méjèèjì hó yèè. Mo tẹ bọ́tìnì kejì.

Òkùnkùn.

"Bóyá kọ̀ǹpútà yẹn ló ń ṣe ìyànjẹ," ló wí.

"Kọ̀ǹpútà kò mọ bí wọ́n ṣe ń yan èèyàn jẹ, Bọ̀dá."

"Ó kù díẹ̀ kó mọ̀ ọ́n." Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òun náà mọ̀ pé a ti bà á jẹ́.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n Habeebah bi mí, mo ní a ṣì ń gbìyànjú.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Òjò láti àárọ̀. Kóńgò gàrí tún ti gbówó lórí. Mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kejì nígbà ogún, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ó gbóná lọ́nà mìíràn. Ọwọ́ ìyá ọmọ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, gbogbo nǹkan ló máa ń gbóná lójú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 23

A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ mi ní òun fẹ́ rí suwíìṣì tí gbogbo Ayétòrò ti gbọ́ nípa rẹ̀. A lọ sí ilé ìsàba pẹ̀lú ọmọ. Ó mú adápítọ̀ HDMI tí kò ṣiṣẹ́ náà, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà.

"Lábísí, wá ka nǹkan."

Lẹ́tà kéékèèké wà lára ike rẹ̀, mo ti rò pé orúkọ ẹni tó ṣe é ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlúù: Entrée. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ HDMI: Sortie. Mi ò gbọ́ Faransé. Òun náà kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó ní ojoojúmọ́ lòun ń ka ọ̀rọ̀ méjì yẹn lára pátákó ní òdìkejì ẹnubodè.

"Ibi ìwọlé nìyí, ibi ìjáde nìyí. Bó o bá gba ẹnu ìjáde wọlé, wọ́n á dá ọ padà tẹrù tẹrù. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀."

Mo jókòó sórí àpótí ẹyin. Inú kọ̀ǹpútà ni àwòrán ti ń jáde. Nítorí náà ìdí kọ̀ǹpútà ni ibi ìwọlé adápítọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà kẹta, HDMI ló ní. Adápítọ̀ yìí, HDMI rẹ̀ ni ibi ìjáde. Ìjáde la fi kọjú sí ìjáde. Ó wọ̀ ni, kò sí ohun tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

Kì í sì í ṣe ẹ̀bi obìnrin Ìgòlò. Àpẹẹrẹ tí mo fi ránṣẹ́ gan-an ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti fi gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n tuntun nígbà kan rí, òdìkejì ohun tí mo ń wá. Mo rán ohun tí kò wúlò fún mi, ó sì fi òtítọ́ inú bá mi wá irú rẹ̀.

Ọkọ mi pe obìnrin náà, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Yorùbá ìhà ọ̀hún dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí a dá adápítọ̀ padà, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Ó wá bèèrè ti funfun ńkọ́.

"Ó wọlé, Màmá," ni mo wí.

"Ó wọlé? Fọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, mo tún un wò lánàá, kò ní ihò mẹ́rin yẹn. Mo fẹ́ pè yín pé kò lè wọlé."

Ọkọ mi wò mí. Mo wo ọmọ.

"A gé eyín mẹ́rin náà, Màmá."

"Háà! Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e? Ara mẹ́rin yẹn ni àwòrán ń gbà kọjá lọ sínú búlúù. Ẹ gé afárá, ẹ wá ń retí ọkọ̀."

Ó ní ihò funfun tí kò ní àyè fún mẹ́rin yẹn kò lè bá búlúù sọ̀rọ̀ tààrà láéláé. Okùn kan wà tó ń sọ funfun di HDMI. Ká so ìyẹn, ká wá fi adápítọ̀ tó ń wọlé ní HDMI tó ń jáde ní búlúù kún un. Èyí tí a ó lò fún ìkẹta la ó lò fún ìkejì náà. Adápítọ̀ méjì, okùn kan. Ó fi kún un pé, "Ẹ má fi púláyà kan èyí o."

A rìn délé, ọkọ mi bọ́ bàtà. Ó wá ní, "O ò sọ fún mi pé ẹ gé e."

"Mi ò sọ fún Ọlọ́run pàápàá."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Wọ́n wọn ọmọ ní ilé ìwòsàn. Ó sanra sí i. Nọ́ọ̀sì ní èmi ni kí n lọ jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 27

Ẹrù kò dé. Ọ̀nà ti di ẹrọ̀fọ̀, ọkọ̀ méjì rì dí i láti àná. Mo pe ọkọ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ó ní, "Lábísí, bí mo bá ń gbé fóònù, ta ló máa ti ọkọ̀?"

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Ọlọ́kadà kan gbé e dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ẹrọ̀fọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Mo ka ara gbogbo rẹ̀ kí n tó tú ọ̀rá tán. HDMI: Entrée. Búlúù: Sortie. Mo fẹnu ko ike lẹ́nu.

Mo so ti ìkẹta. Mo tẹ bọ́tìnì kẹta. 37.4. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Dárasími náà bá mi sun ún láìmọ ìdí.

Mo so okùn funfun mọ́ ìkejì, mo fi adápítọ̀ kún un, mo tẹ bọ́tìnì kejì. Òkùnkùn. Mo padà sídìí ìwé Faransé. Nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n ti so gbogbo wáyà tán kí ọwọ́ tó tan kọ̀ǹpútà. Bóyá kọ̀ǹpútà náà kò mọ̀ pé mọ́nítọ̀ ti dé, torí ó ti ń ṣiṣẹ́ láìrí ọ̀kankan láti ọjọ́ àrá. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á, iná inú ẹ̀rọ á kú títí yóò fi tàn padà. Mo rìn yí yàrá ká bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo pa á. Mo ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí dé ọgọ́jọ. Ó tàn. Lẹ́tà funfun sáré gba ojú mọ́nítọ̀ kọjá, àwòrán ẹ̀rọ náà sì yọ.

36.4.

Mo rò pé nítorí pé mo pa á ni. Mo ṣí ibi tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Ìlà tó ń fi ooru ojoojúmọ́ hàn dúró pẹrẹsẹ ní 36.4 láti ọ̀sán ọjọ́ àrá títí di àárọ̀ yìí. Àrá ló ti da ìwọ̀n rẹ̀ rú, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Gbogbo ìgbà tí mo kan ilẹ̀kùn yẹn tí mo ní ó gbóná.

Mo gbé e padà sí 37.5. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ gbogbo tòlótòló wò. Mọ́kàndínlógún ti kú. Mọ́kànlélógójì ṣì ń mira, ṣùgbọ́n wọ́n kéré sí ọjọ́ orí wọn.

Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n Habeebah. Mo sọ ti eyín mẹ́rin pẹ̀lú, mo sọ pé èmi ni mo ní kí Bọ̀dá Micah gé e, mo sọ pé irọ́ ni mo pa nígbà tí mo ní a ṣì ń gbìyànjú. Ó na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnì kejì fúnra rẹ̀, ó wo ìlà náà.

"O lè má sọ ọ́ o."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló dé tó o sọ ọ́?"

Mo ní torí pé ẹ ó padà rí i. Kì í ṣe ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi. Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò kí mi pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù keje

Adìyẹ pa. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́fà. Ariwo wọn gba ilé. Ẹ̀gbọ́n Habeebah kà wọ́n, ó ní, "Ó dáa." Ẹ̀rọ kìíní ni, èyí tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò kú rí. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe ìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Awó pa, ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Bàbá Akínladé kò jẹ́ kí ẹlòmíì kà wọ́n. Ó kà á tán, ó tún un kà, ó ní, "Ìyàwó, àwọn kan wà nínú wọn tó fìwà jọ ọ́. Wọn ò gbé jẹ́ẹ́."

Ọkọ mi ní ìyá òun ti gbá yàrá nílẹ̀ dè wá. Ó ní kì í ṣe pé òun ń lé mi, ṣùgbọ́n kí ibẹ̀ sáà wà ní mímọ́.

Ọjọ́ Ajé, 8

Ọjọ́ tòlótòló. Kò sí nǹkan. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Kò sí nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n Habeebah dé ní ọ̀sán, ó ní kí n pa ẹ̀rọ kejì, kí n kó wọn dànù kí wọ́n má baà bú gbàmù sínú rẹ̀. Ó ti di wáyà mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́."

"Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ti kọjá. Ìwọ lo fọwọ́ rẹ kọ ọ́ sára ògiri."

"Ẹyin kì í ka ògiri. Ẹ wo èyí."

Mo tẹ bọ́tìnì. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ mẹ́ta tí ó gbóná dáadáa, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ibi tí ó ti gòkè. Mo ní, "Wọ́n lọ́ra níbí yìí. Gbogbo àsìkò tí òtútù fi mú wọn, wọn ò dàgbà bó ṣe yẹ. Mo yẹ̀ wọ́n wò láàárọ̀ yìí, wọ́n ń mira. Ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ni."

"Ìwọ lo sọ fún mi pé o jẹ́ kí wọ́n tutù. Ìwọ náà lo tún fẹ́ kí n dúró dè wọ́n."

"Nítorí pé mo jẹ́ kí wọ́n tutù náà ni."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn. Ó wò mí, ó wo Dárasími tó ń fa wáyà kíbọ́ọ̀dù jẹ. Ó fi wáyà sílẹ̀.

"Ọjọ́ Ẹtì. Bó bá di ọ̀sán Ẹtì, mo máa yọ ọ́, màá sì wá ẹlòmíì."

Ọjọ́rú, 10

Mo yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n ń mira. Àbí iná tọ́ọ̀ṣì ló ń mira?

Ọjọ́bọ̀, 11

Kò sí nǹkan ní àárọ̀. Mo ti di ẹ̀wù ọmọ sínú àpò kan, torí bó bá jẹ́ Ipokia, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi níbi tí mo ti ń palẹ̀mọ́.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ẹyin kan lápá òsì. Mo rò pé irun ni. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ẹnu kékeré kan ń kan èèpo láti inú, ó kàn án, ó sinmi, ó tún kàn án. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn.

Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ dá nìkan mọ̀ ọ́n fún wákàtí kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n! Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú mọ́kànlélógójì, ẹsẹ̀ gígùn, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn bí àwọn tó ń ti ibi òkú bọ̀. Méjì kò lè dìde, mo fi aṣọ ọmọ wé wọn. Ẹ̀gbọ́n Habeebah dé ní ọ̀sán bó ṣe wí. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ariwo wọn. Ó wọlé, ó gbé ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó lójú. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Mi ò bi í. Mo bẹ̀rù.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mi ò mọ̀ bóyá kí n lọ tàbí kí n má lọ. Mo lọ. Mo pọn ọmọ, mo dé ibẹ̀ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo pẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi.

Ẹ̀gbọ́n Habeebah dé pẹ̀lú ọkọ̀. Ẹyin tuntun ló kó wá, ó tò wọ́n kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tòlótòló nìkan ni. Ó gbé pẹpẹ ẹyin àkọ́kọ́ sókè, ó wọlé, ó dúró láàárín ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wojú mi.

"Ìyá Dárasími, ọwọ́ ń dùn mí. Èwo ni kí n kó wọn sí?"

Mo ní kó ní sùúrù. Mo tẹ bọ́tìnì kìíní, mo tẹ ìkejì, mo tẹ ìkẹta, mo wo wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé pẹpẹ náà lọ́wọ́, ó dúró dè mí títí mo fi rí i tán.